Kò Sí Kárí-Ófà Nílé Kéwú

"Basically, Waliyat, ta ló bi ẹ́? Mo ní ta ló bi ẹ́ léèrè third class? Ṣé fọ́ọ̀mù yẹn mọ bàbá ẹ ni? Basically, No ni kó o tẹ̀. N àti O. Kó o tẹ̀ ẹ́, kó o lọ sùn, kó o jí, kó o di dókítà."

Bọ̀ọ̀dá Àṣírù nìyẹn o, àbúrò ìyá Waliyat. Imú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, wọ́n á sì na ìka méjì sókè bí ẹni mú sìgá dání, bẹ́ẹ̀ wọn ò mu sìgá rí láyé wọn. Ọ̀gá kan ní Lẹ́kkí Phase 1 ni wọ́n ń wa mọ́tò fún láti ọdún mẹ́ta. Ọ̀gá yẹn ló ni "basically," òun ló ni imú, òun ló ni ìka méjì. Ohun tó jẹ́ tiwọn nínú ẹ̀ ò ju ariwo lọ.

Waliyat ò gbójú sókè. Ó jókòó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Awoyaya, fóònù lọ́wọ́, fọ́ọ̀mù yunifásítì lójú fóònù. Medicine ló fẹ́ lọ kà. Ó ti kọ orúkọ, ó ti kọ ọjọ́ orí, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó wá kan ibi tí wọ́n ti béèrè pé: ṣé o ti gba dìgírì kankan rí? Yes tàbí No.

"Bọ̀ọ̀dá, mo ti gba dìgírì."

"Dìgírì lo pe ìyẹn? GP two-point-three-eight? Bí ara èèyàn bá gbóná mọ níwọ̀n two-point-three-eight, òkú nìyẹn."

Màmá Waliyat, Ìyá Kùdírátù, ń họ ìpẹ́ ẹja lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wọ́n ti rẹ́rìn-ín tán kí wọ́n tó rántí pé ọmọ àwọn ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àṣírù, má fọmọ mi ṣe òkú."

"Mi ò pe ọmọ yín lókùú, sistá mi. GP ẹ̀ ni mo ní ó kú. Ṣebí ó ti lọ ka A-level tuntun? A, A, B. Ẹni tó bá ní aṣọ tuntun, ṣé ó yẹ kó tún so àkísà mọ́ ọn lọ òde?"

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa jẹ, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu Bọ̀ọ̀dá Àṣírù. Àyè Medicine ò pọ̀, èèyàn tó ń wá a pọ̀ bí eṣinṣin ìdí ẹja. Bí fáìlì méjì bá wà lórí tábìlì, tí ọ̀kan mọ́ tónítóní, tí èkejì ní third class nínú, èwo lẹ rò pé wọ́n máa kọ́kọ́ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́? Waliyat mọ̀. Ó sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ju tòun sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́dún yìí, òun ò ní lè gba ọdún míì mọ́ lọ́wọ́ màmá òun.

"Bọ̀ọ̀dá, ká ní mo tẹ No. Mo wọlé. Mo kàwé, mo kàwé, ó ku díẹ̀ kí n jáde. Ẹnìkan wá rí orúkọ mi níbi tí mo ti ṣe NYSC. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n á bọ́ kóòtù funfun kúrò lọ́rùn mi níwájú aláìsàn?"

"Ta ló máa lọ wò ó?"

"Ẹni tó bá kórìíra mi."

Bọ̀ọ̀dá Àṣírù sọ ìka méjì náà kalẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé àwọn tó ń kórìíra èèyàn ládùúgbò wa kì í ṣọ̀lẹ. Kí wọ́n tó tún rí "basically" míì mú, Waliyat ti tẹ Yes.

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé olódo ni, ẹ jẹ́ n sọ bí GP yẹn ṣe kú. Waliyat ò ṣolódo rí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ṣe wòlímọ̀ nílé kéwú Àfáà Kamaldeen, ó ka Kùránì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin níwájú gbogbo àdúgbò, àwọn ọmọ tó jù ú lọ ṣì wà nídìí wàláà. Orí ẹ̀ pé dáadáa. Àmọ́ nígbà tó dé yunifásítì tó ń ka Biochemistry, ó fìdí rẹmi nínú Chemistry lọ́dún àkọ́kọ́. Wọ́n ní kò sí wàhálà, kó gbé e bíi kárí-ófà lọ sọ́dún kejì. Wọ́n tún wá gbé Chemistry míì lé e, èyí tó jẹ́ pé ẹni tó bá mọ ti tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Ó gbé ìyẹn náà. Ẹrù wá ń gorí ẹrù. Ló bá kọ́ ọgbọ́n àwọn tó kù, ó ń ka ìdáhùn ìdánwò ọdún tó kọjá sórí nínú yàrá, ẹnu ẹ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́, á lọ da á sílẹ̀ nínú ìdánwò lọ́jọ́ kejì, á gba D, á sì kọjá. D lórí D. Two-two ń bẹ̀rẹ̀ láti two-point-four, ó kù díẹ̀ báyìí kọ́wọ́ ẹ̀ tó o, ilẹ̀kùn pa dé.

Lẹ́yìn NYSC ó ríṣẹ́ sí láàbù kan ní Ajah, ó ń kọ orúkọ sára ìgò ẹ̀jẹ̀. Àwọn èèyàn á wọlé, wọ́n á ní, "Dókítà, ẹ má gún mi jù o." Á ní òun kọ́ ni dókítà. Wọ́n á ní, "Kò burú, Dókítà." Ojoojúmọ́. Nígbà tó yá, ó gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó lọ bi wọ́n ní yunifásítì kan bóyá ẹni tó ti ní dìgírì lè bá wọn ka Medicine. Ọkùnrin tó bá nídìí tábìlì ń jẹ gúgúrú. Báyìí ló ṣe dá a lóhùn:

"Third class? Kùrú-kùrú. Medicine? Kùrú-kùrú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ ka A-level látìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí ò lọ school rí. Kùrú. Next."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló gba iwájú ilé kéwú kọjá. Àfáà Kamaldeen jókòó sórí ẹní, ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ojú wọn ti ṣú díẹ̀, wọn kì í ríran rí wàláà mọ́, etí ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ọmọ kan ń ké súrà fún wọn, ó kọsẹ̀, ó fẹ́ sáré fò ó. Kò! Wọ́n fi ọ̀pá kan ilẹ̀. Wọ́n wú ikọ́ méjì, torí Àfáà kì í sọ̀rọ̀ láìwúkọ́, wọ́n ní, "Ibi tó o ti kọsẹ̀ yẹn, ibẹ̀ ni súrà tìẹ parí sí lónìí. Ọ̀la, ibẹ̀ náà la ó ti bẹ̀rẹ̀."

Waliyat dúró gbagidi. Ó ronú ẹ̀ wò. Ọdún mẹ́rin ní yunifásítì, kò sẹ́nì kan tó sọ bẹ́ẹ̀ fún òun rí. Wọ́n á fún un ní D, wọ́n á ní kó máa lọ láyọ̀.

Ló bá wọlé, ó kúnlẹ̀. "Àfáà, mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa gbọ́ ìwé mi."

"Súrà wo?"

"Chemistry ni, sà. Àti Biology. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́."

"Hù, hù. Mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

"Mo mọ̀, sà. Etí yín ni mo fẹ́."

"Etí mi? Ẹni tó bá fẹ́ etí mi á mú sùúrù dání."

Wọ́n bá ṣètò ẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Waliyat á ka ìpín kan láti inú ìwé sétí Àfáà lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń dún. Lọ́jọ́ kejì, á pa ìwé dé, á kà á látorí. Bó bá kọsẹ̀, kò! Ọ̀pá ti kan ilẹ̀, kò ní rí ìpín tuntun gbà. Á sì tún túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá, torí Àfáà ní ẹni tí ò lè túmọ̀ ohun tó kà, ayékòótọ́ sàn jù ú lọ, ìyẹn ní ìyẹ́. Bó bá ti dé láti Ajah nírọ̀lẹ́, kò tíì bọ́ bàtà, àwọn ọmọ wàláà á ti gbé ọ̀rọ̀ inú ìwé ẹ̀ fún un bí orin: "Mai-to-kọ́-ńdí-ríà!" Àwọn tí ò tíì mọ ABD.

Àfáà ò rọrùn. Lọ́jọ́ tó ń túmọ̀ iṣẹ́ kíndìnrín fún wọn, ó ní kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, tó ń da omi tó bá pọ̀ jù nù sínú ìtọ̀. Àfáà wúkọ́. "Ta ló ń sọ fún kíndìnrín pé omi ti pọ̀ jù?"

Waliyat họ orí. Ó ní dìgírì nínú ọ̀rọ̀ yìí o.

"Ṣé kíndìnrín lójú ni?"

"Kò lójú, sà."

"Lọ bi í, kó o padà wá."

Ó lọ. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó ní láti inú ọpọlọ ni iṣẹ́ ti ń wá, pé bí omi ara bá dín, ọpọlọ á fi ohun kan ránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn á débẹ̀ á ní kí kíndìnrín má da omi nù mọ́. Àfáà ní, "Èyí dáa. Ìwọ ọpọlọ, o ṣeun." Wọ́n fún un ní ìpín tuntun.

Àmọ́ ọjọ́ tí Waliyat ò lè gbàgbé ni Jímọ̀ kan tí iṣẹ́ láàbù ti fún un bí aṣọ. Kò kàwé. Ó ní ṣebí Àfáà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó dé ibi tí kò mọ̀, ó kàn fi Gẹ̀ẹ́sì rẹpẹtẹ dí àlàfo náà, "therefore," "in conclusion," ó ń dún minimini.

Kò!

"Waliyat, kí lo sọ yẹn?"

"Ohun tó wà nínú ìwé ni, sà."

"Irọ́ ni. Ohùn ẹ dùn jù níbẹ̀. Bó o bá mọ nǹkan, ohùn ẹ máa ń gbẹ ni, bí ẹni ń ka iye ẹja. Bó ò bá mọ̀ ọ́n, wàá máa da oyin sí i."

Ó ní ojú kò ti òun tó bẹ́ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tó rí GP ẹ̀. Gbogbo D tó gbà láyé, oyin ni. Àtọjọ́ yẹn ló ti ń fetí sí ohùn ara ẹ̀.

Ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. A, A, B jáde. Ó kọ fọ́ọ̀mù, ó tẹ Yes bí mo ṣe sọ, yunifásítì náà sì pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Èèyàn mẹ́ta ló jókòó, àmọ́ obìnrin tó wà láàárín ló ń sọ̀rọ̀, Prófẹ́sọ̀ Akíndàmọ́lá. Ojú ìgò wọn wà ní ṣóńṣó imú, ọ̀rọ̀ wọn ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ, àmọ́ mo ti túmọ̀ ẹ̀ fún yín.

"Third… class." Wọ́n gbé ìwé kan sápá òsì. "A… A… B." Wọ́n gbé èkejì sápá ọ̀tún. "Àwọn méjèèjì… ṣé ẹnì kan náà ni?"

"Ẹnì kan náà ni, mà. Ẹni apá òsì kọjá lórí ohun tí kò mọ̀. Ẹni apá ọ̀tún, wọn ò jẹ́ kó kọjá."

"Ta ni… kò jẹ́ kó kọjá?"

Ó sọ ọ̀rọ̀ Àfáà Kamaldeen. Ọkùnrin kan nínú àwọn mẹ́ta rẹ́rìn-ín. Prófẹ́sọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọdé ń yàgbẹ́ gbuuru. Kí ló dé tó ń mí fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀?"

Waliyat mọ èyí. Ohùn ẹ̀ gbẹ. Ó ní ìgbẹ́ yẹn ń gbé iyọ̀ kan lọ tó ń dènà kíkan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á wá máa kan, ara á máa sáré mí kó lè fẹ́ ohun kíkan náà jáde. Prófẹ́sọ̀ mi orí. "Bó bá wá di ọjọ́ kẹta… kí ni kíndìnrín ń ṣe sí i?"

Ó lanu. Ọ̀rọ̀ ti ń bọ̀. Ó gbọ́ ohùn ara ẹ̀ tó ń ga, tó ń rọ̀, "basically" gan-an ti fẹ́ jáde. Kò! Kò sọ́pá nínú yàrá yẹn o, òun nìkan ló gbọ́ ọ.

"Ẹ máà bínú, mà. Mo ti fẹ́ máa da oyin sí i. Mo mọ̀ ọ́n dé ibi mímí. Ti kíndìnrín lọ́jọ́ kẹta, mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni tèmi parí sí lónìí."

Prófẹ́sọ̀ kọ nǹkan, wọ́n pẹ́ lórí ẹ̀. "Ó dáa. O lè máa lọ."

Màmá ẹ̀ sunkún nígbà tó délé tó rò fún wọn. Bọ̀ọ̀dá Àṣírù ní, "Basically, ó ti lọ fi ẹnu ara ẹ̀ já ara ẹ̀ kulẹ̀." Waliyat lọ sílé kéwú, ó ka ti kíndìnrín lọ́jọ́ kẹta sétí Àfáà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì sùn dáadáa. Ó ní bóun bá wọlé, òun á nílò ẹ̀. Bóun ò bá sì wọlé, òun ti mọ̀ ọ́n.

Orúkọ jáde ní ọjọ́ Tuesday tó kọjá. Orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ lẹ́tà ẹ̀ pé nítorí third class, bó bá fìdí rẹmi nínú ẹyọ kan ṣoṣo lọ́dún àkọ́kọ́, kó máa lọ sílé, kò sí kárí-ófà fún un. Màmá ẹ̀ ní èyí le jù. Nígbà tí Waliyat túmọ̀ ẹ̀ fún Àfáà, wọ́n wúkọ́ mẹ́ta. "Bó bá kọsẹ̀, kò gbọdọ̀ kọjá? Ilé kéwú nìyẹn náà. Kó máa lọ." Waliyat rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Àṣírù ti ń sọ ọ́ káàkiri Phase 1, ìka méjì sókè: "Basically, èmi ni mo ní kó tẹ Yes."

Mo ṣì fẹ́ sọ ti ọkùnrin gúgúrú yẹn tó tún pàdé lọ́jọ́ tó lọ gba lẹ́tà, àmọ́ ẹ gbọ́ ohùn yẹn lẹ́yìnkùlé. Waliyat ni. Kó tó lọ school, ó ní gbogbo àwa tá a sá kúrò ní JSS3 la máa ka ìwé wa sétí Àfáà lójoojúmọ́.

"Ìwọ tó o mọ gbogbo ayé sín jẹ yẹn, wá sín ìwé ẹ jẹ ká gbọ́."

Mò ń bọ̀, Àǹtí Waliyat.