Oyèníran Alágbàfọ̀ àti Búlúù Tuntun

Bí ẹ bá dé Àjégúnlẹ̀ lọ́dún 1989, tí ẹ béèrè alágbàfọ̀ tó mọ aṣọ funfun fọ̀, ọ̀dọ̀ Oyèníran ni wọ́n máa júwe fún yín. Àwọn ọ̀gá inú ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá ń kó yunifọ́ọ̀mù wọn wá bá a. Ọkùnrin náà mọṣẹ́, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn orúkọ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Philomena, obìnrin Amúkòkò kan, ló ń bá a ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlá. Òun ló ń fọ̀, tó ń ṣàn, tó ń sá. Oyèníran ń po búlúù tó ń jẹ́ kí aṣọ funfun máa tàn, ó sì ń lọ aṣọ. Lọ́dún yẹn, búlúù tí wọ́n máa ń rà lọ́jà di àwátì. Chukwuma, aládùúgbò rẹ̀ tó ń po àwọ̀ nílé iṣẹ́ yíǹkì kan ní Ìjọra, bá a wá ìyẹ̀fun búlúù mìíràn. Ó dúdú minimini, ṣíbí kan tó garawa mẹ́ta. Inú Oyèníran dùn gan-an.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ìyá Mirabel tó ní ṣọ́ọ̀bù lójúde wọn gbé gáùn ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ wá. Ọ̀la ni ìgbéyàwó. Ẹ̀rọ omi ò yọ, omi garawa ni wọ́n ń rà. Philomena ṣan gáùn náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ pa á, ó ní ọṣẹ ò tíì kúrò lára ẹ̀, ó ṣì ń yọ̀. Ọṣẹ tí wọ́n ń sè ládùúgbò ni, sódà pọ̀ nínú rẹ̀. Oyèníran ní kó fi sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì làwọn ti ń ṣan aṣọ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ó ki gáùn bọ omi búlúù, wọ́n sá a, nígbà tó gbẹ, ó gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé e.

Àbàwọ́n pupa yọ káàkiri àyà gáùn náà, bí ìpẹtà ara páànù.

Ìyá Mirabel figbe ta, gbogbo ẹni tó wá ra omi rọ́ wá wòran. Kí Oyèníran má baà tẹ́, ó nawọ́ sí Philomena. Ó ní orí wáyà tó ti dípẹtà lobìnrin náà sá gáùn sí, ó ní ọ̀bùn ni, ó ní kó má tún dé ọ̀dọ̀ òun mọ́. Philomena ní orí okùn ọ̀rá lòun sá a sí. Ta ló fẹ́ gbọ́? Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìka tí kò ṣẹ̀ ni Oyèníran gé lójú gbogbo ayé. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, kò sẹ́ni tó tún gbé aṣọ fún Philomena fọ̀ ní Àjégúnlẹ̀ mọ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni Oyèníran fọ ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, tó sá a sórí okùn ọ̀rá kan náà. Ó lọ̀ ọ́ tán, àbàwọ́n yọ. Ó gbé e lọ bá Chukwuma.

Chukwuma bi í pé irú ọṣẹ wo ni, ẹ̀ẹ̀melòó ló ṣàn án. Nígbà tó gbọ́, ó mi orí. Ó ní búlúù àtijọ́ ò bẹ̀rù ọṣẹ, ṣùgbọ́n irin ló wà nínú tuntun yìí. Bí irin yẹn bá pàdé èròjà tó máa ń so ó pọ̀ nínú omi, wọ́n á so mọ́ra fúnra wọn, yàrá lórí yàrá, láìsí bíríkìlà, títí á fi di ilé. Ilé yẹn la rí tí à ń pè ní búlúù. Àwọn yàrá náà kéré débi pé ojú ò lè rí wọn, síbẹ̀ wọ́n ń gba àlejò. Lókè òkun, wọ́n ń fún ẹni tí irú májèlé kan wọ̀ lára ní búlúù yìí lò, kí májèlé náà lè há sínú yàrá, kó sì bá ìgbẹ́ jáde.

“Ṣùgbọ́n sódà ń wó ilé yẹn, ẹ̀gbọ́n. Tó bá ti wó, irin inú rẹ̀ á tú síta, á di ìpẹtà. Ẹ lọ bẹ obìnrin yẹn.”

Oyèníran ò lọ. Ó da búlúù náà nù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣan aṣọ lẹ́ẹ̀marùn-ún, aṣọ rẹ̀ sì tún ń funfun báláú. Àwọn èèyàn wá ń kí i pé látìgbà tó ti lé ọ̀bùn yẹn lọ, iṣẹ́ rẹ̀ tún dára sí i. Ó gbọ́, ó sì dákẹ́. Àgbàyà!

Lẹ́yìn oṣù méjì, ìyá Mirabel fẹ̀rín sọ fún un pé Philomena ti ń ru ẹrù lórí ní Ìjọra báyìí, ó ní ó tọ́ sí i. Oyèníran ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó forí lé Amúkòkò.

Philomena gbé àga fún un, kò jókòó. Arúgbó ẹni ọgọ́ta ọdún dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin tó lè bí lọ́mọ, ó sì rò fún un láti orí dé ìdí. Philomena gbọ́ ọ tán.

“Ọ̀gá, ìgbà wo lẹ mọ̀?”

Irọ́ ti dé ètè Oyèníran. Ó fẹ́ sọ pé àná ni. Kò lè sọ ọ́.

“Ọ̀sẹ̀ tí mo lé ẹ náà ni.”

Philomena bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í.

“Ti gáùn yẹn, mo ti dárí jì yín tipẹ́, mo rò pé ẹ ò mọ̀ ni. Oṣù méjì tí ẹ mọ̀ tí ẹ ò wá yìí ni mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣe é.”

Ó fà á dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára bùbá rẹ̀, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.