Bàbá Àmúdà àti Òjòlá Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Àdá

Nígbà tó ku oṣù kan kí Bàbá Àmúdà fẹ̀yìntì, pírínsípà wa ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sí ojú ewé kan, kí ilé-ìwé lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò ìdágbére. Mo kọ ọ́. Mo kọ pé Ìlobù ni wọ́n bí wọn sí, pé ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà, pé ọgbà ni wọ́n kọ́kọ́ ń ro nílé-ìwé wa ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, kí a tó gbé wọn wọ láàbù láti máa fọ ìgò kí wọ́n sì máa tọ́jú àwọn ẹran tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Mo kọ pé wọn kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí mi ò kọ síbẹ̀ ni pé ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi jowú bàbá náà, bí ìyálé ṣe ń jowú ìyàwó tuntun, àti pé nítorí ejò ni.

Orúkọ mi ni Dinah Adégbénró, tíṣà báyọ́lọ́jì. Yunifásítì ni mo ti gboyè. Àwọn egungun inú ejò, mo mọ orúkọ tí òyìnbó ń pè wọ́n. Èmi ni mo sì gba ejò yìí sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbàgbé. Àgbẹ̀ kan ló rí i nínú oko iṣu lẹ́yìn ilé-ìwé wa, ó ti gbé àdá sókè. Mo sáré gba àárín ebè kọjá pẹ̀lú bàtà gogoro, mo ń pariwo pé kó má pa á, pé irú èyí kò lóró. Òjòlá kékeré ni, irú tí kì í gùn ju apá èèyàn lọ púpọ̀. Tí ẹ̀rù bá bà á, á ká ara rẹ̀ róbótó bíi bọ́ọ̀lù, á sì fi orí pamọ́ sáàárín. Àgbẹ̀ náà wò mí títí. Ó ní, "Tíṣà, mo ti rí ẹran ọbẹ̀ alẹ́ o, ẹ wá gbà á lẹ́nu mi." Mo gbé e lọ nínú àpò gààrí. Mo sọ ọ́ ní Treasure, mo kọ orúkọ náà sórí pépà, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí rẹ̀ ní láàbù.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Bàbá Àmúdà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Àkànkẹ́. Gbogbo ilé-ìwé bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Pépà mi ṣì wà lára àpótí títí di òní, kò sẹ́ni tó ń kà á.

Bí mo bá fọwọ́ kàn án, kíá ló ti di bọ́ọ̀lù. Bí Bàbá Àmúdà bá na ọwọ́, á yọ orí, á yọ ahọ́n, á gun apá wọn dé èjìká bí ẹni tó ń lọ ilé ìyá rẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kó mọ òórùn yín ná, Ìyá Fisáyọ̀." Olúwafisáyọ̀ ni àkọ́bí mi. Ó dùn mí pé wọ́n dárúkọ òórùn. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, mo ra lọ́fínńdà tuntun. Ẹ gbọ́ ná: lọ́fínńdà, nítorí ejò! Nígbà tí mo fín in lọ bá a, ó ká ara rẹ̀ kí n tó ṣí àpótí pàápàá.

Ibi tí owú náà ti máa ń gbóná jù ni ìgbà tí Àkànkẹ́ bá fẹ́ bọ́ awọ. Bí oṣù kan ààbọ̀ sí méjì síra ni. Ara rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣú, ojú rẹ̀ á funfun bí omi ògì, kò ní jẹun, kò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé sàkání òun. Bàbá Àmúdà á gbé abọ́ omi fífẹ̀ sínú àpótí, wọ́n á rẹ aṣọ sómi, wọ́n á fi bo ibi tó máa ń sùn, wọ́n á sì gbé òkúta tí ara rẹ̀ rí hágahàga sí i kó lè rí ohun tí yóò fi imú ha. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi í sílẹ̀. Tó bá tó ọjọ́ bíi mélòó kan, awọ náà á bọ́ lódindi láti imú dé ìrù, bí ìgbà téèyàn bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ejò kò ní ìpéǹpéjú. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ló bo ẹyinjú rẹ̀, ìyẹn náà sì gbọ́dọ̀ bọ́. Tí kò bá bọ́, ejò náà lè má ríran mọ́.

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ta ló kọ́ yín níṣẹ́ yìí?"

"Bàbá mi ni, mà. Oníṣẹ́ awọ ni wọ́n, àpò àti bàtà ni wọ́n ń ṣe ní Ìlobù. Wọ́n ní awọ tó bá ti gbẹ, ẹni tó bá fà á ló máa ya á. Omi la fi ń bẹ̀ ẹ́, ká sì jókòó dè é."

"Awọ ẹran tó ti kú nìyẹn," ni mo wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni wọ́n fèsì, wọ́n sì ń fọ ìgò wọn lọ. Mo mọ̀ pé èmi ni mo fìdí rẹmi.

Àwọn alábẹ̀wò wá láti Òṣogbo lọ́dún kan. Gbogbo àwòrán tí mo yà sára ògiri, wọn ò wò ó. Awọ tí Àkànkẹ́ bọ́, tí a nà mọ́ pátákó, ni wọ́n dúró tì. Wọ́n fẹ́ ya fọ́tò, wọ́n ní kí ẹni tó ni iṣẹ́ náà bọ́ síwájú. Mo ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kí n tó rí i pé Bàbá Àmúdà ni pírínsípà ń fọwọ́ pè. Mo yáa tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ ti fèrèsé.

Ṣé ẹ wá rí i pé nígbà tí ọyẹ́ ọjọ́sí dé, tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún dá wàhálà sílẹ̀ láàárín ìlú wa àti Ìlobù, tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, tí ilé-ìwé sì tì, ohun méjì ló wà nínú mi. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí ìlú. Ṣùgbọ́n Bàbá Àmúdà há sí Ìlobù, Àkànkẹ́ wà lọ́dọ̀ wa ní Ìfọ́n, inú mi sì dùn. Mo lọ gbé e wálé. Nehemiah ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Dinah, ejò lo gbé wọ ilé onígbàgbọ́?" Mo ní iṣẹ́ ìjọba ni.

Ọjọ́ kẹta, ojú Àkànkẹ́ funfun. Àfi bíi pé ẹnì kan sọ fún Bàbá Àmúdà, fóònù mi dún.

"Ìyá Fisáyọ̀, ẹ kú ọyẹ́ o, mà. Ọyẹ́ yìí máa jẹ́ kí awọ ẹ̀ le. Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ sínú báfù, kó má ju ìdajì ara ẹ̀ lọ, kó wà níbẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ má fà á o, mà."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá." Mo pa fóònù. Ṣé èmi ni wọ́n fẹ́ máa kọ́ ní báyọ́lọ́jì?

Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, ìyá mi ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ tuntun kí ara rẹ̀ lè dán: ká tẹ́ ẹ sórí itan, ká fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú bó o, ká nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, ká wá fi òrí pa á látòkè délẹ̀. Kò sí ọmọ tí mo wẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ kò jọ̀lọ̀. Mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mo tẹ́ Àkànkẹ́ sórí itan, mo wẹ̀ ẹ́. Ó ká, mo tú u. Ó tún ká, mo tún tú u. Awọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í já wẹ́wẹ́, apá kan bọ́, apá kan lẹ̀ típẹ́. Mo fi òrí kùn ún, mo tún bó o. Ti ojú òsì kọ̀, kò bọ́. Mo fi èékánná wá etí awọ náà, mo fà á, ẹ̀jẹ̀ sì yọ.

Mo sunkún lórí àga ìdáná níbẹ̀, ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ mi. Àánú ejò náà ṣe mí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ ẹni tó yẹ kí n pè, mi ò sì pè é.

Nígbà tí ìjọba dẹ òfin náà, Bàbá Àmúdà gba Òṣogbo yí wá. Wọ́n kí wa kú ewu, wọ́n béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó béèrè Àkànkẹ́. Wọ́n gbé e, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n gbóòórùn òrí.

"Ẹ wẹ̀ ẹ́ bí ọmọ," ni wọ́n sọ.

Kò sí èébú níbẹ̀. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Ojú ọgbẹ́ náà ni wọ́n tọ́jú, wọ́n ń rẹ ẹ́ sómi lójoojúmọ́, títí àkókò ìbọ́ awọ mìíràn fi dé tí awọ ojú náà wá bọ́ pọ̀ mọ́ tuntun. Nígbà tí pírínsípà béèrè ohun tó ṣe é lójú, wọ́n ní, "Ọyẹ́ ni, mà." Mo lè dárí èébú ji èèyàn. Oore yẹn ni mi ò lè dárí rẹ̀ jì wọ́n.

Ìdí nìyí tí mo fi ń ka ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà nígbà tí ìfẹ̀yìntì wọn kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, wọ́n lọ bá pírínsípà, wọ́n bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí àwọn mú Àkànkẹ́ lọ sílé. Pírínsípà pè mí, wọ́n ní kí ni èrò mi. Bàbá Àmúdà dúró síbẹ̀, wọ́n di fìlà mú lọ́wọ́. Mo ní, "Ohun ìní ilé-ìwé ni, mà." Wọn ò jiyàn. Wọ́n lọ dúró ti àpótí náà títí agogo fi lù, wọ́n sì lọ sí Ìlobù. Ó di tèmi nìyẹn. Tí awọ kan bá tún ya, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ lójú kan, kò sí ẹni tí màá tì í sí lọ́rùn mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ojú rẹ̀ funfun. Mo gbé omi, mo rẹ aṣọ, mo gbé òkúta. Èyí tó le jù nínú iṣẹ́ náà ni kéèyàn má ṣe nǹkan kan. Àárọ̀, ọ̀sán, mo ń lọ yọjú, mo ń ká ọwọ́ mi sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n ní kó má jẹ ẹran. Ọjọ́ karùn-ún, mo wọ láàbù ní àárọ̀, mo bá awọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Mo gbé e síbi fèrèsé. Ó pé pérépéré, ojú méjèèjì wà níbẹ̀. Mo na ọwọ́ sí Àkànkẹ́, kò ká. Ó gùn ún.

Mo pe Bàbá Àmúdà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo pè wọ́n láti yangàn ni.

"Bàbá, Àkànkẹ́ ti bọ́ awọ o!"

"Ṣé kò ya?"

"Kò ya rárá."

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ó wá gun ọwọ́ yín?"

"Ọwọ́ mi ló wà báyìí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó dáa." Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀. "Ṣé kò... ṣé kò tiẹ̀ wá mi?"

Mo mọ ohùn yẹn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé e sínú. Kò síbi tí mo ti lè gbọ́ ọ tí mi ò ní dá a mọ̀. Inú mi dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, kò dùn mọ́.

"Àfi ti ojú òsì o, Bàbá," ni mo gbọ́ tí ẹnu mi sọ. "Ó jọ pé kò bọ́. Ẹ̀rù sì ń bà mí láti fọwọ́ kàn án."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Ohùn wọn ti yí padà pátápátá. "Ìyá Fisáyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á o. Mo ń bọ̀ báyìí, ọ̀kadà ni màá gùn."

Wọ́n dé kí agogo oúnjẹ tó lù, eruku bo ẹ̀wù wọn. Wọ́n fi awò sójú, wọ́n gbé Àkànkẹ́ lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ojú méjèèjì ń dán gbinrin. Wọ́n wo ti òsì, wọ́n wo ti ọ̀tún, wọ́n wá wo èmi náà. Mo ń wo ilẹ̀.

"Ẹ bá mi bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, mà," ni wọ́n wí.

Mo bu ú wá. Wọ́n ki àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, wọ́n sì rọra nu ojú òsì tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ó ti bọ́," ni wọ́n sọ.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ǹ bá má mọ ohun tí màá ṣe."

Àkànkẹ́ gun ọrùn wọn, ó gbé orí lé e, kò tiẹ̀ wo ibi tí mo wà. Owú náà tún dé, ó gbóná bó ṣe máa ń gbóná. Mo lọ gbé àga wá fún wọn.