Ògiri Baba Kò-Séwu

Ẹni tó kọ́kọ́ dé àdúgbò náà gan-an ni wọn ò rí ọ̀nà gbé jáde níbẹ̀ nígbà tó kú. Ọ̀rọ̀ náà ì bá pani lẹ́rìn-ín, bí kì í bá ṣe ti bàbá ẹni. Bàbá obìnrin aránṣọ kan ni, aránṣọ yìí nìkan ló sì bí, nítorí náà aránṣọ ò rẹ́rìn-ín.

Bíríkìlà ni bàbá náà. Nígbà tó dé, igbó ni gbogbo ibẹ̀, àfi títì tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó fi àdá la ọ̀nà láti etí títì wọ inú lọ́hùn-ún, ó sì kọ́ ilé yàrá méjì síbi tí ọ̀nà náà parí sí. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló dé tí kò kọ́lé sétí títì bí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ó ní ariwo ọkọ̀ ò ní jẹ́ kí ọmọ sùn. Aránṣọ ni ọmọ náà, ó ṣì ń rákò nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá tí ìdákẹ́jẹ́ tí bàbá ń wá kiri fi sú u. Kò rí ẹni kí i kú àárọ̀, kò rí ẹni yá a ní ìṣáná, bí ìyàwó rẹ̀ bá sì bínú sí i, kò sẹ́ni tó máa bá a bẹ̀ ẹ́.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá aládùúgbò. Ẹnikẹ́ni tó bá ti yà bi í pé ṣé ibẹ̀ ṣe é gbé, á ní, “Kò séwu! Ẹ wá kọ́lé.” Á gé ilẹ̀ fún onítọ̀hún bí ẹni ń gé búrẹ́dì fún ọmọ, á tún bá a mọ ògiri rẹ̀. Bó ṣe di Baba Kò-Séwu nìyẹn. Vọkanáísà gba tiẹ̀, afágbárí gba tiẹ̀, ilẹ̀ ń lọ, bàbá ń rẹ́rìn-ín.

“Ènìyàn laṣọ mi,” bàbá máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

“Aṣọ yìí ti ń fún yín lọ́rùn o, Bàbá,” aránṣọ á dá a lóhùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó mọ aṣọ tó fún ọrùn.

Oníbúrẹ́dì ló dé kẹ́yìn. Etí títì ló fẹ́, kí oníbàárà lè máa rí ààrò rẹ̀, etí títì tó kù sì ni ibi tí ọ̀nà bàbá gbà jáde. Bàbá ní kò séwu. Ohun tó kù fún òun fúnra rẹ̀ ni àlàfo tóóró láàárín ògiri oníbúrẹ́dì àti ilé vọkanáísà, tó tún ṣẹ́ kọ́rọ́ lẹ́yìn bí ìgúnpá. Bàbá gbé garawa símẹ́ńtì léjìká, ó gba ibẹ̀ kọjá, ó gba ibẹ̀ padà. Ó ní, “Ṣé ẹ rí i? Ó gba èmi, ó gba garawa mi.”

Lọ́jọ́ tí bàbá ń bá a mọ ògiri náà, oníbúrẹ́dì ti lọ ra ìyẹ̀fun. Aránṣọ ti ilé ọkọ rẹ̀ dé, ó bá bàbá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, amọ̀ dé ìgúnpá, ó ń to búlọ́ọ̀kù sójú ọ̀nà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ là.

“Bàbá! Ẹ ń sé ara yín mọ́lé!”

“Káàbọ̀.”

“Ẹ dá mi lóhùn. Ibo lẹ máa gbà jáde?”

“Ọmọ mi, bá mi gbé omi yẹn wá.”

Inú bí aránṣọ débi pé kò gbé omi. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, bó bá ti yọjú, ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. “Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, Bàbá. Ẹ gba ọ̀nà yín padà.” Bàbá á ní òun ti gbọ́. Gbígbọ́ náà ò yí nǹkan kan padà. Nígbà tó yá, aránṣọ dín ẹsẹ̀ kù, ó ní òun ò lè máa fi ẹ̀gbẹ́ wọ ilé bàbá òun bí olè. Ìyá rẹ̀ ti kú nígbà náà, kò sí ẹni tó máa là wọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá wẹ̀ tán, ó jókòó sórí àga, kò dìde mọ́.

Káfíńtà kó pákó gba àlàfo tóóró náà wọlé ní ẹyọ ẹyọ, ó sì kan pósí níwájú ilé, níbi tí òjìji wà. Ó dán, ó rẹwà, kò sì sẹ́ni tó rántí kọ̀rọ̀ yẹn títí wọ́n fi gbé bàbá dé ibẹ̀. Pósí kì í tẹ̀. Wọ́n gbé e nàró, wọ́n dà á nídẹ̀gbẹ́, wọ́n fà á sẹ́yìn. Bàbá dún gbì nínú rẹ̀.

“Ẹ dúró!” Aránṣọ figbe ta.

Káfíńtà nu òógùn. “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká gbé Bàbá jáde nínú ẹ̀, kí ẹnì kan pọ̀n wọ́n dé títì.”

“Kí ẹ pọn ta ni? Ṣé àpò símẹ́ńtì ni bàbá mi ni?”

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó fẹ́ ṣe fún bàbá rẹ̀: kó gba ọ̀nà tó là jáde, ní ìdùbúlẹ̀, bí ẹni iyì. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó lọ bá oníbúrẹ́dì.

“Ẹ jẹ́ ká wó ògiri yìí.”

“Àǹtí, ẹ má bínú. Bàbá yín ló mọ ọ́n fún mi. Bí ẹ bá wó o, ta ló máa bá mi tún un mọ?”

“Ilẹ̀ ta ni?”

“Wọ́n fún mi.”

Òótọ́ ni, ohun tó sì ń dun aránṣọ gan-an nìyẹn. Gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́, àfi ẹni tó fi ẹ̀tọ́ náà tọrẹ. Ó wọlé, ó gbé òòlù ńlá bàbá rẹ̀ jáde. Kò sẹ́ni tó dì í mú. Oníbúrẹ́dì náà wò ó, ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

“Ẹ fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n símẹ́ńtì Bàbá kì í ṣeré o. Ilẹ̀ á ṣú bá yín nídìí ẹ̀.”

Aránṣọ gbé òòlù sókè, ó fi gbogbo ìbínú ọdún wọ̀nyẹn lu ògiri. Òòlù wọlé rọ̀ọ̀. Búlọ́ọ̀kù kan yọ lódindi, ó bọ́ sódì kejì, erùpẹ̀ pupa tẹ̀ lé e.

“Amọ̀?” Oníbúrẹ́dì lanu. “Símẹ́ńtì tí mo gbé kalẹ̀ ńkọ́?”

Aránṣọ tún lù ú. Rírẹ́ ojú ògiri já wálẹ̀ láwẹ́láwẹ́, gbogbo wọn sì rí i: àtẹ́rígbà, ó nà tàntàn lókè, òpó méjì gbé e, wọ́n le koko. Símẹ́ńtì oníbúrẹ́dì wà nínú ìwọ̀nyẹn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni bàbá fi búlọ́ọ̀kù àti amọ̀ dí. Ẹnu ọ̀nà ni, ojú ọ̀nà àtijọ́ gẹ́lẹ́ ló sì wà. Wọ́n fi ọwọ́ lásán tú ìyókù. Káfíńtà fi ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀ wò ó, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni: ó gba pósí, ó gba àwọn tó ń gbé e lọ́tùn-ún lósì.

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. “Baba Kò-Séwu!” Oníbúrẹ́dì pàápàá ń rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́.

Aránṣọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Amọ̀ tó dé ìgúnpá bàbá rẹ̀ ló rí. Ojú rẹ̀ ló ṣe níjọ́ náà: bíríkìlà tí kì í fi amọ̀ mọ ògiri ń fi amọ̀ mọ ọ́n, òun ò sì bi í léèrè. Omi amọ̀ ló ní kó bá òun gbé, kò sì gbé e. Bó bá sì bi í, ṣé bàbá lè sọ fún un? Pẹ̀lú ẹnu òun aránṣọ yìí, tí kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́? Kí ilẹ̀ tó ṣú, oníbúrẹ́dì á ti gbọ́, á sì ti rọ símẹ́ńtì sí i. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, mímọ̀ náà sì tún bí i nínú sí i.

Wọ́n gbé bàbá. Aránṣọ ṣíwájú, ó gba abẹ́ àtẹ́rígbà kọjá láìfi ẹ̀gbẹ́ rìn, ó gba ẹ̀gbẹ́ ààrò búrẹ́dì jáde sí títì. Gbogbo ọ̀nà ló ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń báni jà.

“Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Bàbá. Ẹ ì bá ti sọ fún mi. Ẹ ì bá kàn ti sọ fún mi.”