Olówòkéré Dá Ọkọ̀ Dúró Láàárín Odò

Àbúrò ọkọ mi ni Olówòkéré. Ọkọ̀ èrò ló ń tù láti abúlé wa létí òkun dé Ode Mahin. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ odò wa, ẹ gbọ́ èyí: atukọ̀ èrò kì í mumi títí yóò fi gúnlẹ̀. Bó bá mu, yóò tọ̀. Bó bá fẹ́ tọ̀, yóò dá ọkọ̀ dúró, èrò a sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí bàbá ọkọ mi ti ṣe é nìyẹn, bí ọkọ mi náà ti ṣe é nìyẹn.

Ọdún tí ìjà àwa àti àwọn ará òdìkejì lórí odò le, wọ́n dáná sun abúlé wa, àwọn tiwa náà sun tiwọn. Ìbọn pa ọkọ mi níbi tí odò ti yà sí Mahin. Olówòkéré ló kó àwa yòókù sá. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló lọ tó bọ̀, obìnrin àti ọmọdé ló ń kó. Ta ni yóò dá ọkọ̀ dúró níbi tí ìbọn ti ń dún? Nígbà tí a dé ibi tí a sá sí, omi òjò inú àgbá kò tó wa, omi kànga ibẹ̀ sì níyọ̀. Kọ́ọ̀pù kan ló ń mu láàárọ̀, ó ní kí àwọn ọmọ mu ìyókù.

Ní oṣù kejì, ìrora gbé e. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn lápá òsì, ó sọ̀ kalẹ̀ dé abẹ́. Kò lè jókòó, kò lè dùbúlẹ̀, ó ń yí gbirigbiri lórí pátákó, ó ń bì. Ìtọ̀ rẹ̀ dà bí omi tí a fi ṣan ẹran. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Mo ní omi kànga oníyọ̀ ibẹ̀ ló ń jà á nínú, mo bá gba kọ́ọ̀pù lọ́wọ́ rẹ̀. Odindi ọjọ́ kan, n kò jẹ́ kó fẹnu kan omi. Mo ti sin ẹ̀gbọ́n. N kò fẹ́ sin àbúrò.

Adétutù, ọmọ Ìbàdàn, nìkan ni nọ́ọ̀sì tó kù níbẹ̀. Ó tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wo ìtọ̀ rẹ̀, ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀.

“Màmá, òkúta ni. Òkúta kékeré. Inú kíndìnrín ló ti wá, ó ń wá ọ̀nà jáde.”

“Òkúta? Ṣé yanrìn ló jẹ ni?”

“Omi ni kò mu. Ìtọ̀ tó bá ti ki jù, ohun inú rẹ̀ a máa dì, bí iyọ̀ ṣe ń dì sí ìdí ìkòkò.”

“Yé! Èmi ni mo gba omi lọ́wọ́ rẹ̀!”

“Ẹ dá a padà fún un. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí tí kò rí ìtọ̀ tọ̀ mọ́, ọsibítù ńlá ni o, ẹ má dúró wò ó.”

Ó gún un lábẹ́rẹ́ ìrora, ó ní kó máa tọ̀ sínú aṣọ funfun, kí a lè rí òkúta náà bó bá jáde. Mo ya etí sùtánà ìjọ mi fún un.

Lọ́jọ́ kẹta, a gbọ́ igbe lẹ́yìn ilé, lẹ́yìn náà ẹ̀rín. Ó gbé aṣọ náà wá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó hóró ìrẹsì.

“Ìyàwó wa, wá wo akọni tó gbé mi ṣánlẹ̀!”

“Ọkọ mi, ojú edé tóbi jù ú lọ!”

Adétutù bá wa rẹ́rìn-ín, ó wá ní, “Bàbá, ẹni tó ní ọ̀kan lè tún ní òmíràn. Nínú ẹni méjì, ọ̀kan lè tún rí i kó tó pé ọdún mẹ́wàá. Ẹ máa mumi títí ìtọ̀ yín yóò fi mọ́ bí omi òjò. Ẹ dín iyọ̀ kù.”

“Ṣé nínú ọkọ̀ náà?”

“Nínú ọkọ̀ gan-an.”

Ó wo òkúta inú aṣọ náà. Mo mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ló ń rò.

Nígbà tí àlàáfíà dé, òun ló tù wá padà sílé. Kéègì omi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń tù, ó ń mu. Nígbà tó kan ibi tí odò ti yà yẹn, ó gbé àjẹ̀ sókè. Ọkọ̀ dúró.

“Ẹ kọjú sápá kejì. Mo fẹ́ tọ̀.”

Moríkẹ́, tó ń ta ẹja yíyan, pariwo, “Atukọ̀ ni àbí ìkókó?”

“Bó bá jẹ́ ìwọ ni òkúta yẹn mú, Moríkẹ́, wàá ti bẹ́ sómi!”

Ẹ̀rín mi ọkọ̀. Ìbọn kankan kò dún. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tọ̀ ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀ sínú odò tó gba ọkọ mi, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ó ti lé ní ogún ọdún. Òkúta náà kò tíì padà. N kò búra pé kò lè wá. Ṣùgbọ́n lábúlé wa lónìí, kò sí atukọ̀ tí kò gbé kéègì sẹ́sẹ̀.