Agolo Òkúta Pupa

Bí mo bá ń da ẹ̀wà sínú agolo, ìró rẹ̀ máa ń gbé mi padà sí Landover lókè òkun, níbi tí mo ti ṣe kékeré. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, Dádì fi takisí wọn sílẹ̀, wọ́n mú mi lọ sórí òkè ẹ̀yìn ilé wa.

“Iná bú jáde nínú òkè yìí rí,” wọ́n ní.

A ṣa òkúta wínníwínní tó pọ́n bí ojú ẹyẹlé sínú agolo. “Gánẹ́ẹ̀tì ni, òkúta iyebíye. Tọ́jú ẹ̀ o.”

Lọ́jọ́ kejì, mo fi gbogbo ẹ̀ gba ṣingọ́ọ̀mù nílé ìwé.

“Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ ṣa òmíràn.”

“Kò burú,” wọ́n ní, ṣùgbọ́n a ò lọ mọ́.

Lẹ́yìn ikú wọn ni Mọ́mì sọ fún mi pé láti òkè Biu lápá àríwá orílẹ̀-èdè wa, níbi tí iná ti bú jáde rí lóòótọ́, ni Dádì ti ṣa òkúta náà nígbà tí wọ́n wà ní yunifásítì, àwọn fúnra wọn ló sì fọ́n ọn sórí òkè ẹ̀yìn ilé kí n lè rí nǹkan ṣà.