Ọ̀pá Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Di Ọ̀pá Ìjọba

Apá kẹta ọ̀pá ìpẹja ẹ̀gbọ́n mi ni mo pàdánù lójú ọ̀nà Ìlọrin sí Èkó, àdánù náà sì ti sọ apá mẹ́ta yòókù di igi lásán. Mo sọ èyí ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn ìgbafẹ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Sálíù, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun. Ìrìn àjò rẹ̀ ìkẹyìn ló ti ra ọ̀pá náà bọ̀: ọ̀pá alápá mẹ́rin, tí a ń ki ọ̀kan bọ ẹnu èkejì. Bí a bá tò ó, ó ga ju ènìyàn lọ, ó sì lè dojú kọ ẹja ńlá inú omi iyọ̀. Bí a bá tú u, kò gùn ju apá ọkùnrin lọ, inú àpò aṣọ onílé mẹ́rin ló ń sùn. Kí Bọ̀dá tó lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lápá ọ̀tún.

"Múfú," ó ní, "bá mi gbé e dé òkun, kí o fi fa kúta kan. Ara tèmi kò lè lọ mọ́, ṣùgbọ́n kí ọ̀pá mi má kú láìrí omi."

Kúta ni ẹja gígùn kan tí eyín rẹ̀ mú bí ayùn. Àwa tí a ń nájà ní ọjà Ipata ní Ìlọrin kì í sábà rí i láàyè.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni mo jáde nílé wa lẹ́bàá Ọjà Tuntun. Ilẹ̀ kò tí ì mọ́. Ìyàwó mi di wàrà díndín fún mi, mo sì wọ ọkọ̀ elérò méje kan ní ibùdókọ̀. Ìlẹ̀kùn búùtù ọkọ̀ náà kò lè dá dúró. Igi gbọọrọ kan tí awakọ̀, Jímọ̀, fi rọ́bà dúdú wé ni ó fi ń tì í lẹ́yìn.

"Ṣé ẹ ò lè tún un ṣe ni?" mo bi í.

"Alfa, ọ̀pá mi yìí ni igbákejì mi. Kì í jẹun, kì í sì í béèrè owó oṣù."

Kò pẹ́ tí a jáde sójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn aláṣọ ìjọba dá wa dúró. Ọ̀kan nínú wọn tan tọ́ọ̀ṣì sí àpò mi.

"Kí ni gígùn yìí? Ìbọn ni?"

"Ọ̀pá ìpẹja ni, ọ̀gá."

"Ẹja? Ní Ìlọrin? Ṣé erinmi lẹ fẹ́ fi pa nínú odò Asà ni?"

Ó tú apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dà sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ gbá igi tó gbé ìlẹ̀kùn dúró ṣubú. Nígbà tí mo sún mọ́ ẹrù mi, ó lé mi lọ sí òdìkejì títì, ó ní kí n gbé ọwọ́ sókè bí olè. "Dírẹ́bà, kó ẹrù yìí wọlé kíá!"

Jímọ̀ fi orí gbé ìlẹ̀kùn dúró, ó ń fọwọ́ tálẹ̀ kiri nínú òkùnkùn. Mo ké sí i láti ọ̀hún: "Jímọ̀, ọ̀pá mẹ́rin ni o! Mẹ́rin!"

"Mo ti gbọ́, Alfa! Ọ̀pá mẹ́rin!"

Ó kì wọ́n sínú ilé wọn, ó sì pa búùtù dé.

Kòtò tó wà láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ pọ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ títì ni ọkọ̀ ń rìn jù. Ní Ìbàdàn, obìnrin kan fẹ́ sọ iṣu tó rà ní Ipata kalẹ̀. Jímọ̀ ṣí ìlẹ̀kùn, ó wá ọwọ́ ọ̀tún, ó wá ọwọ́ òsì.

"Ọ̀pá mi dà?"

"Igbákejì rẹ ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀," ni mo wí. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ni ẹ̀rín mi pọ̀ jù.

Ọ̀rẹ́ Bọ̀dá, apẹja ará Ìlàjẹ kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Táyọ̀, ló gbà mí lálejò létí òkun Èkó. Wọ́n fún mi ní pupuru, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ, tí wọ́n sì yan lórí iná ṣe. Nílé wa, ẹja ló ń tẹ̀lé ọkà. Lọ́dọ̀ wọn, pupuru ló ń tẹ̀lé ẹja.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a wa ọkọ̀ ojú omi jáde títí ilẹ̀ fi di ìlà tínrín lẹ́yìn wa. Lójijì ni kúta kan fò sókè, ó ń dán bí idẹ.

"Tò ó kíá!" ni Bàbá Táyọ̀ pariwo. "Bí o bá ti kì í, lọ́ ọ díẹ̀, kí ó má baà tú nígbà tí ẹja bá fà."

Mo ki apá kìíní bọ èkejì. Mo fa ẹ̀kẹta yọ. Igi ni. Igi tí a fi rọ́bà dúdú wé.

Bàbá Táyọ̀ wò ó, ó wo ojú mi. "Múfú, ṣé igi ìdáná lo gbé wá pẹja?"

Ó ju okùn ọwọ́ sí mi. Kúta náà gbé e lóòótọ́, ṣùgbọ́n okùn la àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹja lọ.

Ọkọ̀ Jímọ̀ náà ni mo bá padà. Nígbà tí mo nawọ́ igi rẹ̀ sí i, ó káwọ́ lérí.

"Yéè! Alfa, ẹ ní ọ̀pá mẹ́rin. Mo kà á, ó pé mẹ́rin!"

Mo wọ inú ọkọ̀.

A tún dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣọ ìjọba wọ̀nyẹn. Aláṣọ ìjọba kan náà ló dá wa dúró, apá kẹta ọ̀pá ẹ̀gbọ́n mi ló sì ń jù fìrì-fìrì sí àwọn ọkọ̀. Òrùka tí okùn ń gbà kọjá ṣì wà lára rẹ̀.

"Ọ̀gá, tèmi ni ọ̀pá yẹn."

"Tìrẹ? Ibi iṣẹ́ ìjọba la ti rí i. Ọ̀pá ìjọba ni."

"Ẹ wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àpò yìí."

"Ṣé o fẹ́ ká tún ẹrù gbogbo yín yẹ̀ wò ni?" Ó fi ọ̀pá náà na orí ọkọ̀. Mo gbọ́ bí ọ̀pá náà ti sán. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí: "Alfa, ẹ fi fún Ọlọ́run, ẹ jẹ́ ká lọ."

A lọ.

Bọ̀dá fi ọwọ́ òsì gba àpò. Ó ki ìka sínú ilé kẹta, ó bá òfo. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣé ó rí omi?"

"Apá méjì rí i, Bọ̀dá."

Ó ní "Àlùhámúdùlílàhì," ó sì kọjú sí ògiri.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé ní orílẹ̀-èdè yìí, ẹlẹ́rù ni wọ́n ń lé jìnnà sí ẹrù rẹ̀, kí ẹni tí kò ni í lè rí i gbé. Nítorí náà, mo ń bi àwọn ọ̀gá tó rán aláṣọ sójú títì yẹn: òfin wo ló sọ ọ̀pá aláìsàn di ọ̀pá ìjọba? Mo ń bi àwọn alákòóso ibùdókọ̀ náà: ta ló yọ̀ǹda ọkọ̀ tí igi ń gbé ìlẹ̀kùn rẹ̀ dúró? N kò fẹ́ ìdáhùn ní kọ̀rọ̀. Kí wọ́n wá sílé wa lẹ́bàá Ọjà Tuntun, kí wọ́n jókòó ti ibùsùn ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n sì dá a lóhùn lójúkojú.