Ọjọ́ tí Bàbá Onísùtánà Wa Ọkọ̀ Ọgbà Ẹ̀wọ̀n

Tuntun ni ọkọ̀ náà, ó ń dán bí ojú ìyàwó. Ìjọba ló gbé e fún ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà ní Ọ̀yọ́, kí wọ́n máa fi kó àwọn tó ń retí ìdájọ́ lọ sí kóòtù. Ohun kan ṣoṣo ni ìjọba gbàgbé: ẹni tó máa wà á. Awakọ̀ wọn ti fẹ̀yìn tì, wọn ò sì gba ẹlòmíì sípò rẹ̀.

Àbúrò mi wà nínú ọgbà yẹn. Jẹnẹrétọ̀ ló ń tún ṣe ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Oníbàárà kan ní ó jí tòun. Oníbàárà yìí ti padà rí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ nílé ìyàwó rẹ̀ kejì (ẹ má rẹ́rìn-ín), ó sì ti kọ̀wé sí kóòtù tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀ pé òun ò ṣẹjọ́ mọ́. Ó ku kí àbúrò mi fara hàn níwájú adájọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ẹjọ́ yìí síwájú torí awakọ̀. Bí adájọ́ bá tún dìde láìrí i lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n dá, kóòtù ń lọ fún ìsinmi gígùn nìyẹn.

Mo dé ẹnu ọgbà láàárọ̀ kùtù ọjọ́ náà. Wọ́dà méjì ń nu ọkọ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ò mọ ọkọ̀ wà?"

"Ìbọn la mọ̀ọ́n gbé, ẹ̀gbọ́n."

"Awakọ̀ yín àtijọ́ ńkọ́?"

"Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló wà. Aládùúrà ni, á ti lọ síbi ìsìn."

Mo fò sórí ọ̀kadà. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo bá bàbá, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, bí ìjọ wọn ṣe ń ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo rojọ́.

Ojú rẹ̀ tàn. "Ṣé ọkọ̀ tuntun yẹn? Èyí tí wọ́n gbé dé lọ́sẹ̀ tí mo fẹ̀yìn tì?"

"Òun ni, sà."

"Ọlọ́run ò ní bínú." Kí n tó dìde nílẹ̀, bàbá ti gun ọ̀kadà.

Ọ̀gá ọgbà fọwọ́ sí i, wọ́n kó àwọn ẹlẹ́jọ́ sẹ́yìn, bàbá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ iná. Takisí lèmi fi tẹ̀lé wọn. A ò rí wọn bá. Nígbà tí mo sáré wọ kóòtù, bàbá ló ṣáájú, wọ́dà méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, àbúrò mi wà lẹ́yìn wọn. Akọ̀wé kóòtù nawọ́ sí ibi tí olùjẹ́jọ́ ń dúró.

"Bàbá, ẹ bọ́ síbí. Ẹ̀sùn wo ni wọ́n fi kàn yín?"

"Eré àsápajúdé," ni bàbá wí.

Adájọ́ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ka lẹ́tà oníbàárà, ó wo àbúrò mi, ó ní kó máa lọ sílé. Mo pariwo débi tí ọlọ́pàá fi ní kí n jáde.

Níta, bàbá ṣílẹ̀kùn iwájú ọkọ̀ fún àbúrò mi. "Ọmọ mi, wọlé, kí n gbé ẹ délé."

"Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n wọ ọkọ̀ yẹn mọ́."

Ẹsẹ̀ la fi rìn dé Takie. Eruku ti bo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò tilẹ̀ jókòó. Ó fa okùn jẹnẹrétọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó sì dún.